Làálì Ọwọ́ Mi

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí àwọn apániláyà kọ lu ìlú Bassila, alùpùpù kan dún gbà lójú ọ̀nà, gbogbo ará ilé wa sì dojú bolẹ̀. Màmá mi da ìṣaasùn ọbẹ̀ nù. Mouniratou àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti wọ abẹ́ ibùsùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Èmi náà wà nílẹ̀, mo fi apá méjèèjì borí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, bàbá mi gbórí sókè, ó rọra yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Yacoubou ni," ó ní. "Alùpùpù rẹ̀ tó máa ń húkọ́ náà ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, gbogbo Manigri, ìlú wa, ló ń fi alùpùpù Yacoubou ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀fọ́ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ mi.

"Kafayatou, kí ló dé tó o fi lé làálì lásìkò yìí? Ta ló ń gbéyàwó nílùú tí wọ́n ti ń sin òkú?"

"Ó kàn wù mí ni, Màmá."

Irọ́ ni mo pa. Mo fi làálì náà bo nǹkan ni.

Ọjọ́ ọjà ni àwọn apániláyà náà wá. Wọ́n fi aṣọ bojú, wọ́n gun alùpùpù wọ ọjà Bassila lọ́sàn-án gangan, wọ́n yìnbọn fún ẹni tí wọ́n bá rí, wọ́n ju ohun abúgbàù, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ méjì. Èèyàn mọ́kànlá ló kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Adjaratou, ìyàwó Issa, olórí àdúgbò wa, tó kó iṣu lọ tà. Láti ọjọ́ náà, ilé ìwé tì, oko kò ṣeé lọ. Kajú ń já bọ́ lábẹ́ igi, kò sẹ́ni tó ń ṣà á, òórùn èso tó ń jẹrà sì ń wọ inú ìlú. Bí àwọn ọkùnrin bá ń kírun, ẹnì kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí láti máa ṣọ́ ẹ̀yìn wọn. Màmá mi ń ka àwa ọmọ lórí lemọ́lemọ́, bí ẹni ń ka adìyẹ.

Ní ọjọ́ ọjà náà gan-an ni a ní ìdánwò ìṣirò, èyí tí wọ́n fi ń dán wa wò kí BEPC, ìdánwò àṣekágbá wa, tó dé. N kò kàwé. Bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́: "Ọjọ́ tó o bá sá nílé ìwé, ọjọ́ náà ni ìwé rẹ parí." Kì í ṣe ìhàlẹ̀ o. Ó ti ṣe é fún Alimatou ẹ̀gbọ́n mi. Alimatou tó mọ ìṣirò jù mí lọ ti wà nílé ọkọ ní Doguè báyìí, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń ro oko iṣu.

Síbẹ̀, mo sá. Ìdajì kíláàsì ni kì í wá lọ́jọ́ ọjà, mo ní kò sẹ́ni tí yóò fura sí mi. Mo tún fa Daouda dání. Daouda ni ọmọ Ìyá Roukayatou, ẹ̀gbọ́n màmá mi. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, kíláàsì kan náà la wà, ó sì ń fi tipátipá fẹ́ kí n máa pe òun ní ẹ̀gbọ́n.

"Ó di ọjọ́ tí àkùkọ bá hu eyín," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Daouda ti kàwé tirẹ̀. Kò ní ìdí kankan láti sá. Nígbà tó rí i pé mo ti yà sọ́nà oko, ó ní òun kò lè jẹ́ kí èmi nìkan wọ igbó, ló bá tẹ̀ lé mi. Ìpẹ̀kun oko kajú bàbá mi la lọ. A ṣa kóró kajú jọ, a tẹ́ àfọ́kù páànù sórí iná, a bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún. Ẹni tó bá ti sun kajú rí mọ̀ pé epo inú èèpo rẹ̀, iná gidi ni. Ó ń ta pàrà, ó ń jó awọ ara dúdú, èéfín rẹ̀ sì dúdú bí ti táyà. Eré ni mò ń ṣe tí mo fi gbọn páànù náà, epo sì ta sí wa lọ́wọ́. Bí a ti ń pariwo tí a ń rẹ́rìn-ín, a gbọ́ ìró kan lọ́nà Bassila, ó dún kí-rì-rì.

"Òjò àkọ́rọ̀ nìyẹn," Daouda wí.

A ń jẹ kajú wa lọ.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá mi pé ìṣirò náà rọrùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìròyìn Bassila dé, kò sì sẹ́ni tó rántí ìṣirò mọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Nígbà tí ọwọ́ mi wú léròrò lọ́jọ́ kejì, mo lọ làálì, mo fi bò ó. Daouda kì í ṣe obìnrin, kò rí làálì lé.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn ni àwọn sójà wọ Manigri. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé òun rí èéfín dúdú nínú igbó lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n wá a lọ, wọ́n bá páànù, epo dúdú, àti ojú ẹsẹ̀ èèyàn méjì. Ọ̀gá wọn kì í ṣe ará ìhà wa, etí òkun ló ti wá. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn apani náà ti gbé ṣe ohun abúgbàù wọn. Wọ́n kó gbogbo wa jọ síwájú ilé ìwé, wọ́n ní kí kálukú tẹ́ ọwọ́. Issa, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí ẹkún ìyàwó rẹ̀, ló ń túmọ̀ Faransé. Sójà kan dé ọ̀dọ̀ mi, ó rí làálì, ó kọjá lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Daouda, ó dúró.

"Kí ló jó ọ lọ́wọ́?" ọ̀gá náà bi í.

"Epo kajú ni, ọ̀gá."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Ojú ẹsẹ̀ èèyàn méjì la bá níbẹ̀. Ta ni ẹnì kejì?"

Daouda wolẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Bí kò ṣe wò mí yẹn, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Àgbàlagbà kan sọ pé lóòótọ́, kajú máa ń jó ni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Issa yíjú sí àwọn èèyàn. "Olùkọ́ ní kò wá sílé ìwé lọ́jọ́ náà! Ẹ gbọ́, ẹni tó bá kàn ń sun kajú, ṣé yóò fi orúkọ ẹni tó bá a jẹ ẹ́ pamọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta, ó sọ ọ́. Àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Àwọn tó ti bá a jẹun rí ni o, tó mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Daouda fi ọwọ́ borí, òkúta kan sì ba ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àwọn sójà fúnra wọn ló gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di Bassila.

Èmi ńkọ́? Mo dúró gbagidi, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìbòrí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ahọ́n mi kò gbéra. Òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Tèmi ti ba ará ilé mi, mo sì ń wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Roukayatou wá sílé wa. Kò sẹ́ni tó kí i lọ́nà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò gba àga.

"Wọ́n ní wọ́n á gbé e lọ sí Cotonou lọ́sàn-án òní," ó wí fún màmá mi. "Àbúrò mi, bí wọ́n bá gbé e débẹ̀, ta ni mo mọ̀?" Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Kafa, ìwọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ jọ ń lọ sílé ìwé. Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tó bá a lọ?"

Ó dùn mí níbi tó ti di ọwọ́ mi mú, ṣùgbọ́n n kò fà á. Mo wo bàbá mi. Mo rí Alimatou lójú mi, pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

"Èmi ni," mo wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ yà sọ́nà oko, ó tẹ̀ lé mi ni. N kò ṣe ìdánwò kankan."

Bàbá mi kò nà mí, kò bú mi. Ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù jáde.

"Gùn ún."

"Bàbá Kafa, ọ̀nà yẹn!" màmá mi kígbe. Láti ọjọ́ ọjà, ìwọ̀nba ẹni tó gbójú ló ń gba ọ̀nà Bassila.

"Ọmọ ló wà níbẹ̀," bàbá mi dáhùn.

Mo di ẹ̀kúnwọ́ kóró kajú sí etí ìbòrí mi, a lọ.

Bí ọ̀nà ṣe dá, ẹ̀rù ni. Gbogbo igi ló ń jọ èèyàn lójú mi. A kọjá lára ọkọ̀ tó jóná, tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ òjìji rẹ̀. Mo ń ka Áyátù Kúrísíyù, ẹsẹ Kùránì tí a fi ń tọrọ ààbò, mo gbàgbé rẹ̀ ní ìdajì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn bàbá mi ti tutù fún òógùn.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí," ó ní. Kò sì dẹ eré.

Ní Bassila, bàtà àwọn tó sá ṣì wà káàkiri ọjà, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Àwọn sójà na ìbọn sí wa kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé. Mo dúró níwájú ọ̀gá náà, mo sì fi Faransé ilé ìwé sọ ọ́ fúnra mi pé ẹbí Daouda ni mí, èmi sì ni ẹnì kejì.

Ó wo ọwọ́ mi. "Làálì nìyí."

Mo fi èékánná họ àtẹ́lẹwọ́ mi títí awọ fi ṣí, tí egbò yọ lábẹ́ rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹbí ni yín. Ẹbí á máa gbèjà ẹbí."

Mo tú etí ìbòrí mi. "Ẹ fún mi ní iná àti páànù, ọ̀gá."

Wọ́n fún mi ní tòótọ́. Kò pẹ́ tí kóró kajú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tí èéfín dúdú sì yọ lórí ògiri. Lẹ́sẹ̀ kan náà, igbe sọ níta. Àwọn obìnrin ń fa ọmọ wọn wọlé, ilẹ̀kùn ń tì gbà-gbà, ọkùnrin kan ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín títì, ó sá wọ igbó. Ọ̀gá náà ń wò wọ́n. Ó wo èéfín, ó tún wo àwọn tó ń sá fún un. Epo sì ta sí ẹ̀yìn ọwọ́ òun náà, ó fò sókè.

"Ẹ pa á! Ẹ pa iná náà!"

Ó wo àmì dúdú kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú Daouda wá.

Ojú Daouda kan wú, wọ́n fi àkísà di ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ méjì tó ṣẹ́. Ó kọjá lára mi, ó lọ dúró ti alùpùpù. Àwa mẹ́ta la jọ gùn ún padà. Nígbà tí Issa rí wa lẹ́nu ìlú, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi pè mí. "Mo ní ọjọ́ tó o bá sá, ìwé rẹ parí. N kò yí ọ̀rọ̀ mi. Ìwé tìrẹ ti parí. Ìwé Daouda lo máa lọ kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi san. Ọjọ́ tí òun fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó, ọjọ́ náà ni wàá padà sí tìrẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ilé ìwé ṣí. Mo jókòó ti Daouda, mo ṣí ìwé rẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti Bassila. Olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ẹfun ni alùpùpù Yacoubou dún gbà níta. Gbogbo kíláàsì wọ abẹ́ tábìlì, olùkọ́ pẹ̀lú. Daouda di ọwọ́ tó ṣẹ́ mọ́ àyà, ó ń mí gúlegúle. Abẹ́ tábìlì yẹn ni mo ti sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

A jáde, a gbọn eruku ara wa. Mo mú bíìrò, mo ń dúró.

"Kọ ọjọ́ òní sókè," Daouda wí níkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá mi, ó sì gun alùpùpù náà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rù dì yín lẹ́nu, ẹlòmíràn ni yóò jìyà ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ. Ká ní mo fi egbò ọwọ́ mi hàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn níwájú ilé ìwé, ìka Daouda ì bá má ṣẹ́. Làálì ti pa rẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí, àpá iná ló kù, n kò sì fi ohunkóhun bò ó mọ́.