Yàrá Awòkun

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi, ní àjà kẹta, ní Glyndon, láàárín Woolwich àti Plumstead ní ìlú òyìnbó, ní ọdún 1992. Ọ̀sán ni èyí tó burú jù nínú rẹ̀ wáyé. Mi ò mutí rí láyé mi. Mi ò sùn. Ìyàwó mi jókòó níwájú mi, n kò sì mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kò burú. Èmi náà ì bá fẹ́ kí n má gba ara mi gbọ́.

Jimoh ni orúkọ mi. Ọkọ̀ èrò ni mò ń wà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwé Yorùbá kíkà nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Plumstead High Street. Sakeenah ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni a ti lò nílẹ̀ yìí nígbà náà. Gbogbo ìsinmi tí wọ́n ń fún wa, Ìjẹ̀bú-Òde ni a máa ń gbé e lọ. Bí kì í bá ṣe òkú ni a fẹ́ lọ sin, ìgbéyàwó ni, tàbí òrùlé ilé tí afẹ́fẹ́ ṣí. A ò lọ síbì kankan rí nítorí pé a fẹ́ sinmi.

Ní oṣù kìíní ọdún náà, Phoebe, obìnrin ará Jàmáíkà tí òun àti Sakeenah jọ ń ṣiṣẹ́, fún un ní ìwé aláwòrán kan nípa àwọn ìlú tí ènìyàn lè lọ sinmi. Ìwé afànilọ ni mo máa ń pe irú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe gan-an nìyẹn. Nínú ìwé náà ni ìlú kékeré kan wà létí òkun ní ilẹ̀ Gíríìsì. Mo mọ orúkọ ìlú náà. Mi ò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Ọdọọdún ni Phoebe máa ń lọ síbẹ̀ lóṣù kẹfà. Ilé ìtura oníyàrá méjìlá kan ni ó máa ń wọ̀ sí. Opó kan ló ni ín. Owó rẹ̀ kò gani lára. Phoebe fi káàdì ilé ìtura náà há inú ìwé, ó sì ká etí ojú ewé tí àwòrán rẹ̀ wà.

Mo ṣì rí àwòrán náà lọ́kàn mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ funfun tí kò ní òrùlé. Àga méjì tí a fi okùn hun ìdí wọn. Tábìlì kékeré. Lẹ́yìn wọn, òkun, òkun, òkun.

Sakeenah kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó kàn gbé ìwé náà sílé ìdáná, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò epo, ó sì ń wò ó bí ó bá ń dín àkàrà, títí epo fi ta sí etí òkun náà. Ó sì ń fi imú kọrin. Orin wákà kan tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ ni. Ó mọ ohùn rẹ̀, kò mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Ní ìlà kẹta, ó máa ń gé orin náà sí méjì láti mí, níbi tí kò yẹ kí ènìyàn ti mí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń gbọ́ èémí yẹn, n kò sì mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ.

A jókòó sídìí tábìlì, a ń ṣètò. A ó lọ lóṣù karùn-ún, kí èrò tó pọ̀. A ó wọ ọkọ̀ òfurufú ìdájí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ wọ̀. A ó di gààrì àti sàdíìnì dání, kí a má baà máa jẹun níta lójoojúmọ́. Gbogbo rẹ̀ ni Sakeenah gbà. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí.

"Bàbá Tawfiq, ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gé kúrò, ẹ gé e. Ẹ má ṣáà gé òkun kúrò."

Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé oríṣi yàrá méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan kọjú sí òkun. Ìkejì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ. Mo sọ èkíní ní yàrá awòkun. Inú Sakeenah dùn sí orúkọ náà. Ó ń pè é bí orúkọ ọmọ.

Lékan, tí àwa méjèèjì jọ ń wakọ̀, ló kọ́ mi ní bí n ó ṣe ṣe é.

"Ẹ má lọ bá àwọn éjẹ́ńtì o. Owó tiwọn ti wà lórí ẹ̀. Ẹ pe ìyá oní-hòtẹ́ẹ̀lì yẹn fúnra yín."

"Ilé ìtura," mo ní.

"Alàgbà Gírámà! Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ fún un, kó gbé fóònù sílẹ̀ mọ́ yín létí." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ ṣáà ná an dáadáa. Ṣebí ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín? Àbí wọ́n kàn gbé yín síbẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì, mo pe ilé ìtura náà. Obìnrin náà ló gbé e. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, èmi náà sì ń fi sùúrù sọ tèmi. Ó dá owó yàrá méjèèjì lé mi. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, pọ́n-ùn mẹ́rìnlá ni yàrá awòkun fi ju ìkejì lọ. Mo ní kí ó fún wa ní yàrá awòkun ní iye ti ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ̀. Mo tún un sọ. Ó tún kọ̀.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí ìyá mi kọ́ mi ní ọjà. Bí ọlọ́jà kò bá gbà, ìwọ a gbé ọjà rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìwọ a yí ẹ̀yìn sí i. Ìwọ a máa rọra lọ. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, yóò ké sí ọ pé ó dáa, wá mú un. O kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn ni yóò san gbogbo owó.

Mo fún obìnrin náà ní orúkọ mi àti nọ́ńbà ilé wa. Mo dágbére. Mo gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Sakeenah dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Wọ́n ti gbà?"

"Wọn yóò pè."

"Bí wọn ò bá pè ńkọ́?"

"Wọn yóò pè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni ó wí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọn kò pè. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Bí Sakeenah bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí ó tó bọ́ bàtà, yóò bi mí: "Wọ́n ti gbà?" N ó ní kí ó fọkàn balẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́rìnlá náà wà nínú àpò mi ní gbogbo àkókò yìí. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ èyí dájú. Kì í ṣe pé n kò ní in. N kò fẹ́ bojú wẹ̀yìn ni.

Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù náà ni. Aago kan ọ̀sán ti lọ díẹ̀. Ìkùukùu tí odò Thames máa ń gbé jáde ti bo fèrèsé. A ò rí ilé tó kọjú sí wa. A ò gbọ́ ohùn ọmọdé kankan nísàlẹ̀. Sakeenah ti ibi iṣẹ́ òru dé, ó jẹun, ó sì sùn sórí àga níwájú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀.

Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ dún. Mo yára gbé e kí ó má baà jí i.

"Ọ̀gá Jimoh?" Obìnrin náà ni. Inú rẹ̀ dùn. "Ìyàwó yín ti dé o."

"Ìyàwó ta?"

"Tiyín. Àná ló dé. Ó ti mú yàrá tó kọjú sí òkun. Ó ní ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀ bí ẹ bá dé."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo wo Sakeenah. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀.

"Ìyá, ìyàwó mi rèé níwájú mi. Ó ń sùn."

Mo gbọ́ tí ó ṣí ilẹ̀kùn kan.

"Rárá," ni ó wí. "Ó wà níta lórí àga. Ó wé ìborùn aláró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn fún mi tán ni."

Mo gbọ́ òkun. Ó ń wá, ó ń padà. Lẹ́yìn òkun, mo gbọ́ ẹnìkan tí ó ń fi imú kọrin.

Wákà náà ni. Ìlà kìíní. Ìlà kejì. Ní ìlà kẹta, ó gé e sí méjì, ó mí.

Sakeenah sùn níwájú mi. Ohùn kankan kò ti imú rẹ̀ jáde. Ìborùn aláró rẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀. N kò sì rí i níbi tó máa ń fi kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n jí i. Kí n gbá a mú. Kí n ní, "Mo gbà, n ó san án, ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n san." Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́jà ni mí. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ọgbọ́n ọlọ́jà nìyí. Mo ní lọ́kàn mi pé Phoebe ló sọ ti ìborùn fún un. Mo ní àwọn méjèèjì ti gba ohùn ìyàwó mi sórí téèpù láti fi mú mi. Ìgbéraga ru lọ́kàn mi. Mo sọ ohun tí a máa ń sọ fún ọlọ́jà tó bá ń ṣe agídí.

"Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa mú un lọ́dọ̀ yín. Mi ò rà á mọ́."

Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Mo gbà."

Ó gbé e sílẹ̀.

Sakeenah la ojú. Kò là á bí ẹni tí ó jí. Ó là á bí ẹni tí wọ́n ní kí ó là á. Ó wò mí bí èrò tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ gbé e dé.

"Ta ni?"

"Àwọn ará Gíríìsì. Ọ̀rọ̀ yàrá awòkun yẹn ni."

"Kí la fẹ́ fi òkun ṣe?" ni ó wí.

Ó dìde. Ó lọ sílé ìdáná. Ó mú ìwé afànilọ náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná lé e.

Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́.

N kò lè sọ pé ìyà kankan ń jẹ mí. Ó ń kírun. Ó ń se oúnjẹ. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Bí mo bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè ohunkóhun mọ́. Kò sì sí ohun tí ó wù ú. Tawfiq ọmọ wa, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester, wá kí wa fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ó sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Daddy, kí lo ṣe fún Mummy?"

Ọjọ́ mìíràn, n ó ti bá a wí pé "kí lẹ ṣe" ni wọ́n ń sọ fún bàbá ẹni. Lọ́jọ́ náà, mo wolẹ̀.

Mo pe ilé ìtura náà. Mo pè é láàárọ̀, mo pè é lálẹ́. Ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Oṣù karùn-ún dé, ó sì kọjá.

Ní ìparí oṣù kẹfà, Phoebe wọ ọkọ̀ mi ní Thamesmead. Òrùn Gíríìsì ti mú ara rẹ̀ dúdú sí i. Kò rẹ́rìn-ín.

"Jimoh, kí ló dé tí o kò bá ìyàwó rẹ lọ?"

"Lọ síbo?"

"Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè lọ́jọ́ tí mo dé. Mo juwọ́ sí i. Ó juwọ́ sí mi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì ni mo fi ń rí i." Ó ti ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. "Ìgbà tí mo padà síbi iṣẹ́ lónìí, òun ni mo bá tó ń tẹ́ ibùsùn. Ó bi mí bóyá ooru mú níbẹ̀."

Ó fi àwòrán kan lé mi lọ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àwòrán náà wà lọ́dọ̀ mi. Obìnrin kan ló jókòó lórí àga okùn. Ó wé ìborùn aláró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. Àga kejì ṣófo. Àwo méjì ló wà lórí tábìlì.

Ọdún kẹta rèé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kejì lọ́dọọdún, bí aago kan ọ̀sán bá ti lọ díẹ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ a dún. N kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. N ó gbé e. N ó gbọ́ òkun. N ó gbọ́ wákà náà dé ìlà kẹta, n ó gbọ́ èémí yẹn. Lẹ́yìn náà ìpè náà a gé. Sakeenah a jókòó sórí àga rẹ̀, a máa wò mí.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni ó máa ń wí. "Kò sẹ́ni níbẹ̀."

Lọ́dún yìí, n kò jẹ́ kí orin náà parí.

"Sakeenah," mo ní. "Èmi ni. Mo ti ṣe tán láti san án. Gbogbo rẹ̀ ni n ó san. Máa bọ̀ wálé."

Orin dúró. Òkun wá, òkun padà. Mo gbọ́ tí ẹnìkan fa àga sẹ́yìn lórí òkúta. Mo gbọ́ sálúbàtà tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀ síbi ẹ̀rọ, bí Sakeenah ṣe máa ń wọ́ tirẹ̀.

"Bàbá Tawfiq." Ohùn rẹ̀ ni. Ó kún fún ayọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, tí kò tíì bọ́ bàtà. "Wọ́n ti gbà?"

Mo la ẹnu.

Lẹ́yìn mi, nínú yàrá, láti orí àga Sakeenah, ohùn kan náà dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti gbà."

Ní òdìkejì, wọ́n gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.