Kọ́ọ̀kì Pupa Lẹ́nu Ṣéènì

Òjò ló lé Ferdie wọ ilé Odile lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú kan ara wọn. Ọkọ̀ ojú omi tí Wilbert, ọkọ Odile, fi sílẹ̀ sábẹ́ ilé náà, tí wọ́n kọ́ sórí òpó, kó tó kú ló wá wò, bóyá òun á rà á.

"Ẹ gòkè wá mu kọfí kí òjò tó dá," Odile pè é.

Ferdie gòkè, ó ṣí fìlà. Ìjì ti gbé ilé tirẹ̀ lọ ní òdìkejì odò, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló ń tún ṣe jẹun. Bó ṣe jókòó ni iná orí wọn ń ṣẹ́jú pàkòpàkò. Ó gbójú sókè wo fáànù òrùlé. Ṣéènì méjì ló rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀kan fún abẹ́bẹ̀, ọ̀kan fún gílóòbù. Ti gílóòbù ni wọ́n so kọ́ọ̀kì pupa mọ́ lẹ́nu, irú èyí tó ń léfòó tí apẹja ń so mọ́ okùn ìwọ̀.

Ó nawọ́ fà á, ó tún un fà. Iná dúró.

"Swíìṣì yìí ti ń dágbére fáyé. Lọ́jọ́ tó bá kú, ẹ pè mí."

"Ta ló sọ fún yín pé mi ò lè tún un ṣe fúnra mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń wá ohun tí yóò tún gbé mi wá ni."

Odile rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n lójú kan náà ló rántí ẹni tó wà nínú yàrá: Màmá Ozite, ìyá Wilbert, tó ń bá a gbé. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Ferdie ò ra ọkọ̀, kò sì padà wá. Odile wá ń retí kí swíìṣì kú. Swíìṣì kọ̀, kò kú. Láàárọ̀ ó fà á, iná tàn. Nírọ̀lẹ́ ó fà á, iná tàn. Ó wá ń bínú sí iná tó ń tàn bí ẹni tó ń bínú sí orogún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Màmá Ozite ń sùn, Odile gun àga, ó mú píláyà Wilbert, ó gé ṣéènì náà ní gbòǹgbò, níbi tó ti jáde lára fáànù. Kọ́ọ̀kì pupa bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Wilbert, jọ̀ọ́, má bínú," ó wí, ó sì ti kọ́ọ̀kì náà bọ àpò épíròònù. Lẹ́yìn ìyẹn ló pe Ferdie lórí fóònù.

"Swíìṣì ti kú."

"Háà, ẹ kú àdánù o!" Ohùn Ferdie dùn bíi ti ẹni tí wọ́n pè síbi ìsọmọlórúkọ.

Ó dé, ó gbé àkàbà sáàárín yàrá, ó tú ìdérí abẹ́ fáànù. Ó wo ibẹ̀ títí.

"Irú swíìṣì yìí ò sí nílùú yìí," Ferdie wí níkẹyìn. "Wọ́n á bá mi gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó lè pẹ́ díẹ̀."

"Kò burú. A ò kánjú."

Ó fi àkàbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá bẹ iná wò, bí ẹni ń bẹ aláìsàn wò. Odile se gọ́mbò, ọbẹ̀ ilá wọn, ó fi edé àti ìrẹsì lé e. Màmá Ozite ń wò wọ́n láti orí àga rẹ̀.

"Fáànù yìí mà ń jẹun o," ó wí. "Àwo mẹ́ta lónìí nìkan."

Lórí àtẹ̀gùn, Ferdie di ọwọ́ Odile mú. "Odile mi, jẹ́ ká fẹ́ ara wa."

"Ọkàn mi fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ Màmá ni mo wà. Bí kò bá gbà, mi ò ní lè ṣe é. Jẹ́ kí n wá ẹnu fi bá a sọ ọ́."

Ẹnu tó ń wá ni kò tíì rí tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Màmá Ozite ló máa ń kọ́kọ́ jí ṣe kọfí. Ó jáde nínú òkùnkùn ìdájí, ó na ọwọ́ sókè, ó ń wá kọ́ọ̀kì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ àkàbà. Igbe tó ké ló jí Odile. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Màmá kán.

Lọ́dọ̀ dókítà, ìyá arúgbó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Odile! "Má bínú, ọmọ mi. Mo gbàgbé pé kọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀ mọ́."

Bí wọ́n ṣe délé, Odile gbé fóònù. Ó pe Ferdie. "Má wá mọ́." Kò sọ ìdí. Ferdie náà ò bèèrè, nítorí ohun tó wà níkùn tirẹ̀ náà kò jẹ́ kó lè bèèrè. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ní Sátidé, Ferdie yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Iná ni mo wá ṣe. Bí mo bá ṣe é tán, mo máa lọ."

Màmá Ozite wà lórí àga, ó di ojú, ọwọ́ tí wọ́n fi nǹkan funfun líle dì wà lórí itan rẹ̀. Ferdie pa iná ilé láti ibi fíúsì, ó gun àkàbà. Odile ń bá a tan tọ́ọ̀ṣì. Ó yọ swíìṣì àtijọ́, ó gé wáyà méjèèjì kúrò lára rẹ̀, ó fa tuntun yọ nínú ọ̀rá. Odile rí i pé ọ̀rá náà ti rún, epo ẹ́ńjìnnì sì ti yí i.

"Ó jọ pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ," ó wí.

Ferdie dúró. Kò wo ilẹ̀. "Ọjọ́ tí òjò lé mi wọlé yín ni mo ti lọ rà á. Kò síbi tí wọ́n ti ń gbé e bọ̀. Mo parọ́, Odile. Bí mo bá tún un ṣe tán, kí ni n ó tún fi bojú wá? Èmi ni mo kán Màmá lọ́wọ́. Àkàbà mi ni, irọ́ mi ni."

Odile yí iná tọ́ọ̀ṣì sí swíìṣì àtijọ́. "Kì í ṣe ìwọ. Wo ojú ibi tí ṣéènì yẹn ti já."

"Mo ti wò ó. Ṣéènì kì í já báyẹn."

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú u ni mo mọ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé irọ́ bọ́ lẹ́nu mi."

"Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì."

Ojú Màmá Ozite ti là.

"Píláyà ta lo fi gé e, Odile?"

"Ti Wilbert, Màmá."

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ọdún tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ni Wilbert so kọ́ọ̀kì yẹn. Ó ní, 'Màmá, ẹ máa rí pupa.'"

Odile kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ yìí wá, ó rò pé òun ni ọkọ òun so ó fún. "Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Kò tíì yá. Ọwọ́ ṣì ń ro mí." Ó gbé ọwọ́ òsì lé e lórí. "Ká ní o wá bá mi pé o nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí, ǹ bá sunkún ọmọ mi níjọ́ kan, ǹ bá sì gbà. Mo kúkú ń ka àwo. O rò pé n ò ní fẹ́ kí o tún rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí ju egungun lọ. Kọ́ọ̀kì ọmọ mi dà?"

Odile yọ ọ́ lápò épíròònù. Kò tíì kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gé e. Màmá Ozite fi àtàǹpàkò pa á lára títí.

"Ọwọ́ kan ò lè ta kókó. Ẹ gbà, ẹ so ó fún mi."

Ferdie so swíìṣì tuntun mọ́ wáyà, ó dé ìdérí padà. Odile di ẹnu ṣéènì tuntun mú, Ferdie ta kókó. Ó lọ dá iná ilé padà.

"Fà á," ni Màmá Ozite wí.

Odile fà á. Iná tàn sójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì síbi tí wọ́n lè sá sí.

Nígbà tí ọwọ́ ìyá náà jinná ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló mú Odile wọlé. Láti ìgbà náà, Ferdie ló ń jí ṣe kọfí, Odile ló ń fa kọ́ọ̀kì. Bí iná bá sì ti tàn, ọrùn ọwọ́ Màmá, tó wọ́ díẹ̀, ni Odile máa ń kọ́kọ́ wò.

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí báyìí, Màmá?"

Ìyá náà á fi ọwọ́ tó wọ́ yẹn ti ife sí i.

"Kọfí rẹ ń tutù, ọmọ mi."