Orin Géètì fún Àga Òfìfo

Ìgbà kẹjọ rèé tí Tahir gbé fóònù sétí láti gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Orí garawa ọ̀dà kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí ẹgbẹ́ olórin wọn, Ọmọ Irin, ti máa ń dánrawò ní Ilo-Awela, ní Ọ̀tà. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń wá nínú ohùn náà. Ó ti wá a lẹ́ẹ̀meje, kò rí i. Ó ní bóyá yóò yọjú lẹ́ẹ̀kẹjọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Jabez wí nínú fóònù. "A ti wo fídíò yín. Ọmọbìnrin tó kọ orin géètì yẹn, òun ló mú ká yàn yín. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ ní Sátidé. Aago mẹ́ta ààbọ̀ géérégé ni kẹ́ ẹ wà lórí ìtàgé o. Bó bá lọ dáadáa, a ó mú yín dání lọ sí Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e."

Jabez ni olórí Páànù Gbígbóná, ẹgbẹ́ olórin kan láti Ìbàdàn. Orin pọ́ńkì ni wọ́n ń kọ, ìyẹn ẹ̀yà orin rọ́ọ̀kù tí gìtá rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ tó ń gé irin, tí ìlù rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Wọn kì í wá gbọ̀ngàn ńlá. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ni wọ́n fi ń kó ẹrù wọn láti ìlú dé ìlú, ìlú tí wọ́n bá sì dé, ẹgbẹ́ olórin ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ kọrin kí àwọn tó bọ́ sójú agbo.

Kí ló wá ń dun Tahir níbẹ̀? Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ló dá Ọmọ Irin sílẹ̀. Òun ló ń ta gìtá. Òun ló fi abẹ ya ṣòkòtò jíǹsì rẹ̀ lórúnkún méjèèjì kó lè jọ onípọ́ńkì gidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀, télọ̀ tí gbogbo Oju Ore mọ̀, ti rán an padà kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ní ọmọ télọ̀ kì í wọ àkísà. Nínú fídíò náà, Tahir ta gìtá, ó dijú, ó mi orí títí ọrùn fi ń dùn ún. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, Kàfáyá tó dé láti Ìwó nígbà ọyẹ́, tí ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí òtútù mú, òun nìkan ni wọ́n rí!

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni ìyá Kàfáyá ti ń ṣiṣẹ́. Orin tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ hun kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ:

"Aago mẹ́rin lù, a tò bí ìlẹ̀kẹ̀,
Ẹ tún àpò mi wò!
Ẹ tún àpò mi wò!
Òógùn nìkan ló wà níbẹ̀!"

Àmọ̀dá, onílù wọn, yọ orí láti inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká wá ní Sátidé. Aago mẹ́ta ààbọ̀."

"Yéè! Jẹ́ kí n pe Kàfáyá."

"Fi Kàfáyá sílẹ̀ fún mi," ni Tahir wí. "Èmi ni màá sọ fún un."

Ó sì sọ fún un lóòótọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Lẹ́yìn àsárì ni o."

Ẹ wo ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí. Tahir mọ̀ pé aago mẹ́rin máa ń kọjá dáadáa kí wọ́n tó kí àsárì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò Kàfáyá, ó sì mọ̀ pé ọmọ náà kì í dìde kí lèmọ́mù tó parí àdúà. Ìrun Ọlọ́run ló sọ di àgádágodo, ó wá ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò purọ́.

Sátidé dé. Inú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ilé epo ni eré náà ti fẹ́ wáyé. Jabez, ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ nà ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tuntun, wo Tahir, ó wo Àmọ̀dá, ó sì wo ẹ̀yìn wọn.

"Akọrin yín dà?"

"Ara rẹ̀ ò yá, bọ̀ọ̀dá," ni Tahir dáhùn. Irọ́ pọ́ńbélé wá nìyí. Ìlara kì í jẹ ẹyọ irọ́ kan yó. "Ṣùgbọ́n mo mọ orin náà dáadáa."

Àmọ̀dá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ara ta ni ò yá? Ẹni tó ń bá mi jà lórí ẹ̀pà lánàá?"

"Ìwọ ṣáà lu ìlù rẹ jàre."

Nígbà tí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, Tahir gun orí ìtàgé. Ọgọ́rin àga ni wọ́n tò síwájú rẹ̀. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni ọmọdé méjì tó ń jẹ gúgúrú, àti ọlọ́dẹ gbọ̀ngàn tó ń sùn. Tahir dijú, ó mi orí, ó fa orin ìṣẹ́jú méjì gùn di mẹ́fà kí wọ́n lè rí ọwọ́ rẹ̀ lára gìtá. Ibi tó ti dùn jù ni màmá tó ń gbálẹ̀ ti fi ìgbálẹ̀ tọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sún díẹ̀. Mo fẹ́ gbá abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ."

Èrò dà? Èrò wà ní géètì! Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ló fẹ́ràn irú orin yìí ní Ọ̀tà, aago mẹ́rin ni wọ́n sì ń ṣíwọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ní géètì ilé iṣẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ tú àpò wọn wò, bóyá wọ́n jí nǹkan. Jabez tó wá láti Ìbàdàn kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n Tahir, ọmọ bíbí Ọ̀tà? Ó ti ta gìtá sí orin náà tó ogójì ìgbà. Ẹni tó ni orin ló gbájú mọ́, kò fetí sí ohun tí orin ń wí.

Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ku díẹ̀, àga ò ṣẹ́kù mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé pẹ̀lú àpò léjìká. Àárín wọn ni Kàfáyá wà, ó fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, híjáàbù rẹ̀ funfun báláú.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ó kí Jabez. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Ìwọ lo ni orin géètì? Wọ́n ní ara rẹ ò yá, onígìtá yín sì ti kọ ọ́."

"Èmi kẹ̀? Ara mi le koko, sà. Lẹ́yìn àsárì ni Tahir ní kí n wá."

Gbogbo wọn yíjú sí Tahir. Jabez yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó sì tẹ ohùn náà: *Ọmọbìnrin tó kọ orin géètì yẹn, òun ló mú ká yàn yín.* Lọ́tẹ̀ yìí, Kàfáyá náà gbọ́ ọ, látòkè délẹ̀.

"Tahir," ó wí pẹ̀lẹ́, "ìrun lo fi tàn mí?"

Tahir bẹ̀rẹ̀, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

"Ẹjọ́ dọ̀la," ni Jabez wí. "Èrò ti dé. Ẹ gorí ìtàgé."

Tahir sáré na ọwọ́ sí gìtá rẹ̀. Kàfáyá mi orí. "Má ṣèyọnu. Ìwọ ti kọ tìrẹ." Onígìtá Páànù Gbígbóná ló bá a ta á.

Nígbà tí Kàfáyá dé "Ẹ tún àpò mi wò," ìyá rẹ̀ dìde, ó da àpò tirẹ̀ délẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì ń gbọ̀n ọ́n lókè orí. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ da tirẹ̀ délẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń gbọn àpò, tí wọ́n ń ké, "Òógùn nìkan ló wà níbẹ̀!" Ojú ń ti Tahir, ṣùgbọ́n kí ẹ lè mọ bí ìlara ṣe rí, ó ṣì ń ka iye àpò tó wà lókè.

Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ bẹ Kàfáyá nílé. Ọmọ náà fún un lómi tútù.

"Mo ti dárí jì ọ́, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n bá rán sí mi tí yóò tún gba ọwọ́ rẹ kọjá."

"Abẹ́òkúta ńkọ́?"

"Èmi àti Àmọ̀dá ni wọ́n pè."

Lọ́jọ́ Sátidé, Tahir lọ sìn wọ́n lábẹ́ afárá Ṣàngó. Ó bá wọn gbé ìlù, ó bá wọn gbé sípíkà, òógùn bò ó. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, Kàfáyá rẹ́rìn-ín músẹ́ láti ojú fèrèsé. "O ṣeun o," ni ó wí, bí ènìyàn ṣe ń kí alábàárù tó bá a gbẹ́rù dénú ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì ṣí.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ògo ẹlòmíràn bá ń ta yín lójú, ẹ rántí pé orin Kàfáyá ìbá gbé Tahir dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú gìtá rẹ̀ lọ́wọ́, bó bá jẹ́ pé ó jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an.