Bírékà Tí Mo Pààrọ̀

"Bírékà ti tún já o!"

Ariwo yẹn ni à ń gbọ́ lójoojúmọ́ lọ́dún tí ìjọba ti bódà pa. Ilé ìlọrẹsì Alájì Àúdù kò jìnnà sí ilé wa ní Ayétòrò, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò ní í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi Àrìnpé wà lára àwọn obìnrin tó ń fẹ́ ìrẹsì níbẹ̀. Bí iná bá ti lọ báyìí, á gbé atẹ sílẹ̀, á fọwọ́ lẹ́rán. Iye àpò tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún wọn, ẹ̀rọ tó bá dákẹ́ kò sì ní àpò kankan.

Bàbá wa, Ṣàíbù Oníná, ló fa iná sílé ìlọrẹsì náà. Láti Ìlaròó dé Ìlárá, ẹ bi ẹni tó bá wù yín léèrè, ó mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣú láti bí ọdún méjì, ó wá di pé òjìji ènìyàn lásán ni wọ́n ń rí. Èmi Rodiat, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí mo wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní girama, ni mo ń ka mítà fún wọn, tí mo sì ń di wáyà; èmi nìkan náà ló ń lọ gbé bírékà Alájì sókè padà bó bá já. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa fi orí ṣe ìṣírò. Ìṣírò náà wọ̀ mí lára, kí n má parọ́. Tíṣà fíísíìsì wa sọ pé n kò lẹ́gbẹ́ nínú kíláàsì, èmi náà kò sì bá a jiyàn.

Kí ló dé tí bírékà fi ń já? Nígbà tí ìrẹsì òkè òkun kò ráyè wọlé mọ́, ìrẹsì ìbílẹ̀ di ọjà gidi. Alájì Àúdù bá tu ẹ̀rọ kékeré tó wà nílẹ̀, ó gbé ńlá síbẹ̀. Bàbá pè é jókòó, wọ́n sì là á yé e.

"Alájì, ẹ̀rọ yín àtijọ́, ámpù méjìdínlọ́gbọ̀n ló ń fà. Mo fi bírékà méjìlélọ́gbọ̀n sí i, ó sì tó o. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá yìí ń fa mọ́kànlélógójì. Wáyà tó wà nílẹ̀, tín-ín-rín ni, mílì mẹ́fà péré. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i, á gbé mẹ́tàlélógójì. Ṣùgbọ́n abẹ́ òkìtì èèpo ìrẹsì ló gbà kọjá. Ooru ara rẹ̀ kò ríbi jáde. Mo ní láti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú agbára rẹ̀. Kò lè gbé ju méjìlélọ́gbọ̀n náà lọ."

"Ẹ kúkú fi bírékà ńlá sí i, Bàbá Àrìnpé."

"Háà! Bírékà ńlá kì í sọ wáyà di ńlá o. Bírékà ló ń ṣọ́ wáyà. Bí mo bá fi èyí tó tóbi jù ú lọ síbẹ̀, wáyà á máa jóná, bírékà á kàn máa wò ó níran. Ẹ jẹ́ kí wáyà mílì mẹ́rìndínlógún dé."

Wáyà ọ̀hún wà ní Kétu, ní òdì kejì bódà, lọ́wọ́ Ọmọ́délé tó máa ń bá Bàbá kó ọjà láti Kútọnù. Gbogbo oníṣẹ́ iná agbègbè wa ló fẹ́ràn wáyà Kútọnù. Wọ́n ní bàbà inú rẹ̀ ki, wọn kì í fẹ́ rí ti Èkó sójú. Kọ́sítọ́ọ̀mù kò sì jẹ́ kí nǹkan kan kọjá.

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni Bàbá wí. Alájì pòṣé, ó dìde.

Ní alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, Àrìnpé bá mi ní ìdí ààrò.

"Rodiat, ìwọ náà mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rù ló ń ba Bàbá. Alájì ní bí ẹ̀rọ bá tún ń dákẹ́ báyìí, òun á dá ìdajì wa dúró. Oṣù méjì péré ló kù kí wọ́n so yìgì èmi àti Lukman. Jọ̀ọ́, àbúrò mi."

Àrìnpé kì í bẹ̀ mí. Òun ló pọ̀n mí dàgbà, àṣẹ ló máa ń pa fún mi. Ẹ̀bẹ̀ yẹn dùn mí, ó sì tún wú mi lórí. Mo mú bébà, mo ṣe ìṣírò tèmi. Wáyà gbé mẹ́tàlélógójì, ẹ̀rọ ń fa mọ́kànlélógójì, ó ku méjì. Ó tó! Mo fi ti èèpo ìrẹsì sílẹ̀, n kò kà á mọ́ ìṣírò. Nínú ìwé fíísíìsì wa, kò síbi tí wọ́n ti mẹ́nu ba èèpo ìrẹsì. Nínú àpótí Bàbá, bírékà kan ṣoṣo ló ju méjìlélọ́gbọ̀n lọ, ámpù ọgọ́rùn-ún ni. Mo mú un.

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, mo sọ fún Alájì pé Bàbá ló rán mi. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo pa iná, mo pààrọ̀ bírékà, mo tan án padà. Ẹ̀rọ bú ramúramù. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, Àrìnpé sì gbé mi sókè.

"Ẹnjiníà mi! Ibo ni wọ́n ti ń pa á?"

Mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé orí bírékà. "Ibí yìí ni. Fà á wálẹ̀, ó parí."

Ní aago méjì ọ̀sán, Bàbá jókòó níwájú ilé, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Rodiat, láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ti ń ké, kò dákẹ́ rí. Ó yẹ kí bírékà ti já. Ṣé ẹnì kan fọwọ́ kàn án ni?"

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ.

"Rárá o, Bàbá. Wọ́n dín ìrẹsì tí wọ́n ń dà sí i kù ni."

"O fojú ara rẹ rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Àlùhámúdùlíláì," ni wọ́n wí. Wọ́n padà sídìí tẹ̀súbáà wọn.

Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ Ìlárá kó ìrẹsì tí òjò pa dé. Ìrẹsì tútù kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rìn dáadáa. Ó ń kérora, ó ń fa iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bírékà ọgọ́rùn-ún kò sì mira. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni èéfín yọ lábẹ́ òkìtì èèpo. Iná èèpo ìrẹsì kì í kọ́kọ́ ràn, èéfín ni, ó dúdú, ó sì ki. Gbogbo wọn sá jáde, Àrìnpé pẹ̀lú wọn. Ó ti wà níta. Ó ti bọ́!

Ẹnì kan ló pariwo pé, "Ẹ pa iná! Ẹ pa bírékà!" Nínú gbogbo wọn, Àrìnpé nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ó fi ìborùn bo imú, ó sáré padà wọlé.

Mo débẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ti rí i pa, ṣùgbọ́n kò jáde. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ọ̀pá wọn ń ta gbúngbún nílẹ̀, wọ́n ń ké pé, "Àrìnpé dà? Ẹ sọ fún mi, ọmọ mi dà?" Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé e jáde, kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Èéfín ti pa á. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lukman dúró sídìí sàréè títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, Alájì Àúdù dìde láàárín èrò. "Ṣàíbù, n kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwọ lo rán ọmọ rẹ kí ó wá pààrọ̀ bírékà. Ìṣírò afọ́jú ló pa ọmọ yìí."

Bàbá gbọ́, wọ́n mọ̀ pé àwọn kò rán ẹnikẹ́ni. Mo rí i lójú wọn pé gbogbo rẹ̀ ti yé wọn. Síbẹ̀ wọ́n tẹ orí ba. "Bóyá mo ṣì í ṣe, Alájì. Ẹ forí jì mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn ju ikú lọ. Mo wólẹ̀ síwájú wọn. "Bàbá, ìṣírò yín tọ̀nà! Ẹ ò rán mi níṣẹ́. Èmi ni. Àrìnpé bẹ̀ mí, mo sì ṣe é."

Màmá wa, Sàlímọ́tù, figbe ta, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Bàbá fọwọ́ wá orí mi títí tí wọ́n fi rí i.

"Ní aago méjì tí mo bi ọ́ léèrè, bírékà ọgọ́rùn-ún ti wà níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá."

"Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni èéfín yọ." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nídìí iṣẹ́. "Wákàtí kan ààbọ̀. Tèmi tọ̀pá mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń rìn débẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, a sì gbọ́ ẹkún wọn láti inú yàrá. N kò gbọ́ ẹkún bàbá mi rí títí di ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìtàn mi, kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe. Ìmọ̀ díẹ̀ tí mo ní gùn mí gàlègàlè, mo fojú di ẹni tó kọ́ mi, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn ṣì ní àtúnṣe ní aago méjì ọ̀sán. Irọ́ ni kò ní. Bí ẹ bá ti ṣe ohun tí kò dára, ẹ tètè sọ ọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì yín, bí wọ́n tilẹ̀ máa nà yín. Wákàtí kan ààbọ̀ ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi láti gba ẹ̀gbọ́n mi là, mo sì fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo dákẹ́.