Ọjọ́ Ìbí Ọ̀fẹ́

Lórí ìlà níwájú ilé sinimá ni Yadira ti kọ́kọ́ rí i, ọkùnrin gbọọrọ kan tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, tí eruku irin bò ó lápá bí àtíkè, tó ń fi ojú ìtìjú wo gbogbo ẹni tó dá wá. Ọjọ́rú ni. Ẹ ṣáà mọ bí Ọjọ́rú ṣe rí nílùú Mẹ́síkò: tíkẹ́ẹ̀tì kan, èèyàn méjì. Ẹni tó bá lóun fẹ́ dá wo sinimá lọ́jọ́ náà, ó kàn ń da owó sí gọ́tà ni.

Yadira náà dá wá. Ọ̀rẹ́ tó ní òun ń bọ̀ ti já a kulẹ̀, inú sì ń bí i. Nígbà tí ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wúkọ́, ó lanu, ó tún wúkọ́. Yadira ló bá a sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ ká jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni, àbí ọ̀nà lẹ fẹ́ béèrè?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má bínú. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu, mi ò tiẹ̀ ní bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ò ní bá mi sọ̀rọ̀ kẹ̀? Tí mo bá sùn, ta ló máa wá ròyìn ẹ̀ fún mi?"

Ó sì sùn lóòótọ́, sórí èjìká ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí iná tàn, ọkùnrin náà ò mira, apá rẹ̀ ti kú tipiri. Wọ́n yà sí búkà kan tó wà lẹ́yìn ilé sinimá, níbi tí àlejò mẹ́rin ti ń jókòó sídìí tábìlì kan náà tí wọ́n á sì kí ara wọn kí wọ́n tó bu òkèlè. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ròyìn sinimá náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láàárín ọbẹ̀ ẹ̀wà, ìrẹsì àti ife omi sobo tútù. Yadira sọ títí ayé rẹ̀ pé ìròyìn yẹn dùn ju sinimá náà lọ, bẹ́ẹ̀ kò mọ bí sinimá ṣe rí.

Evaristo lorúkọ rẹ̀. Ó ń gé kọ́kọ́rọ́ nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́nu ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀. Yadira ní tirẹ̀ jókòó síwájú ọ́fíìsì dókítà eyín, ó ń bá àwọn tí eyín ń dùn pàrọwà kí wọ́n má sá lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìfẹ́ ìlú ńlá gbọ́dọ̀ náni lówó, ẹ ò bá rí àwọn méjì yìí. Lọ́jọ́ Àìkú tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá di ọ̀fẹ́, wọ́n á wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á wà lábẹ́ igi ní gbàgede tí àwọn àgbàlagbà tó wọ bàtà funfun ti ń jó danzón, tí ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀. Ijó náà ní ibì kan tí gbogbo tọkọtaya ti ń dúró jẹ́ẹ́, tí wọ́n á kọjú sáwọn onílù títí orin á fi tún gbéra. Evaristo mọ ibẹ̀ dáadáa. Yadira ní tirẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n, á ṣì máa jó lọ ràì.

"Dúró, olólùfẹ́ mi, orin ń mí," Evaristo á sọ fún un, á sì máa rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kó máa mí. Kò tíì rẹ èmi."

Ọgbọ́n ọjọ́ ìbí, Yadira ló mú un wá. Nílùú yẹn, ilé oúnjẹ púpọ̀ ló wà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà kì í sanwó oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n á dé àkẹtẹ̀ ńlá fún un, wọ́n á tan àbẹ́là lórí kéèkì, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á kọrin. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, kò sí àdúgbò tí wọn ò bí Evaristo sí. Ojú a máa tì í lábẹ́ àkẹtẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n tó bá rí bí Yadira ṣe ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì gé kéèkì.

Ọdún kejì ni Evaristo ní òun fẹ́ lọ tọrọ Yadira lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bàbá Yadira ti kú. Ìyá rẹ̀, Màmá Eulalia, àti Rogelio ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Evaristo fẹ́ kí wọ́n jọ jẹun ní búkà ẹ̀yìn sinimá, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Yadira kọ̀. Ó ní Rogelio tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì á fi àwọn ṣẹ̀sín. Yadira fúnra rẹ̀ ló yan ilé oúnjẹ onítábìlì funfun lójú ọ̀nà ńlá. Nígbà tí Evaristo sì ń ronú owó tó máa ná an, Yadira fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ní kó má dààmú, kó ṣáà yọ́ sọ fún wọn pé ọjọ́ ìbí Màmá ni, oúnjẹ Màmá á di ọ̀fẹ́.

Evaristo ní, "Kì í ṣe fún ìyá ẹ, Yadira."

Yadira ní ta ló máa mọ̀, ó tẹnu mọ́ ọn títí Evaristo fi gbà.

Ó mà ṣe o. Bí wọ́n ṣe jẹun tán, tí Evaristo tún kọ́là rẹ̀ ṣe tó fẹ́ la ẹnu, ni àwọn tó ń gbé oúnjẹ bá yọ láti kíṣìnnì tilùtifọn. Kí Màmá Eulalia tó mọ ohun tó ń lọ, wọ́n ti dé àkẹtẹ̀ lé e lórí. Opó tó bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ ni, tó wọ aṣọ dúdú tó dára jù lọ nílé rẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ṣí àkẹtẹ̀ náà, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"A ò bí mi lónìí," ó sọ fún wọn.

Rogelio ló kọ́kọ́ lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó bú sẹ́rìn-ín burúkú, ó ju owó oúnjẹ gbogbo wọn sórí tábìlì, ó ní ọkọ ọ̀fẹ́ rèé, ó ń fi opó jẹun. Màmá ò tiẹ̀ wò ó. Ó ń wo àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Evaristo wo Yadira. Yadira wo àwo. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Rogelio ń dún létí rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Èmi ni, Màmá," Evaristo dáhùn. "Ẹ foríjì mí."

Màmá Eulalia jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó ń dúró. Lẹ́yìn náà ló mú báàgì rẹ̀. Ó ní kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣì sinmi ná, òun ò tíì ní ọmọ tí òun lè fún un.

Níta, Evaristo bi Yadira léèrè bóyá kò ní sọ nǹkan kan fún wọn, tó bá tiẹ̀ di ọ̀la. Yadira ní òun á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, kò sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yí lọ, kò sọ ọ́. Evaristo ò bá a jà. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó bá ọmọ ìyá rẹ̀ kan lọ sí ìlú Tijuana ní àríwá lọ́hùn-ún, Yadira sì fi ìtìjú sé ara rẹ̀ mọ́lé. Tó bá ní òun á pè é, á bi ara rẹ̀ pé kí ni òun fẹ́ wí. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún, tí irun funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún un nídìí tábìlì dókítà eyín. Àbámọ̀ kì í pariwo, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó kàn ń báni jí láràárọ̀ ni.

Àìsàn Màmá ló já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń fún un lómi ẹran mu, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ìjọ́sí, èmi ni mo kọ́ Evaristo. Kò fẹ́. Èmi ni mo fi ipá mú un."

"Mo mọ̀," ni Màmá Eulalia wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ṣebí èmi ni mo bí ẹ. Láti ilé ìwé lo ti ń ṣe ọjọ́ ìbí káàkiri nítorí kéèkì. Ọmọkùnrin yẹn, ojú ẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó lè ro irú ẹ̀. Ìwọ ni mo bi léèrè lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe òun."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá lé e?"

"Ta ló lé e? Mo ní mi ò tíì ní ọmọ tí mo máa fún un. Ọmọ tó lè jókòó kó máa wo èèyàn rere tó ń jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, ṣé mo lè fi irú ẹ̀ ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ ni? Mò ń dúró kó o sọ ọ́, Yadira. Lọ́jọ́ tó o bá ti sọ ọ́ ni ǹ bá ti ránṣẹ́ pè é." Ó sinmi díẹ̀. "O pẹ́ jù, ọmọ mi. Lọ wá a."

Yadira sunkún títí omi ẹran fi tutù. Oṣù yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi sin Màmá Eulalia.

Àwọn àgbà oníjó ní gbàgede ló sọ fún un pé Evaristo ti padà, pé ikú bàbá rẹ̀ ló mú un wálé, pé ó tún ti ṣí ìsọ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó gbé pẹ̀lú obìnrin kan lọ́hùn-ún, wọ́n sì ti pínyà. Yadira lọ bá a. Evaristo ti sanra díẹ̀, ó ti ń lo awò ojú. Ariwo ẹ̀rọ kọ́kọ́rọ́ ò jẹ́ kó gbọ́ ìkíni àkọ́kọ́, Yadira sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó wá san gbèsè, títí Evaristo fi gbójú sókè.

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló pa ẹ̀rọ.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi í.

Ìdí àtẹ táàkò, ẹran tí wọ́n fi àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ wé, lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí èèyàn ti ń jẹun lórí ìdúró, ni Yadira ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ohun tí Màmá wí kó tó kú. Evaristo ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dun Yadira jù. Ó kàn ní ó ṣe òun láàánú, nítorí òun ti rò lójoojúmọ́ ní Tijuana pé Màmá ka òun sí olè. Ọ̀pọ̀ Sátidé ló kọjá kí Evaristo tó dì í lọ́wọ́ mú. Ọ̀pọ̀ sí i ló tún kọjá kí Yadira tó gbójú-gbóyà. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ bi í pé ṣé ó ṣì lè fẹ́ òun. Evaristo ní òun ò ní kọ̀, ṣùgbọ́n òun ò tún ní bẹ ẹnikẹ́ni nídìí tábìlì mọ́.

Ìgbéyàwó ọ̀fẹ́ tí ìjọba máa ń ṣe fún ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ tọkọtaya lọ́jọ́ kan náà ní oṣù kejì ni wọ́n kọ orúkọ sí. Pápá kún fọ́fọ́: arúgbó, ọ̀dọ́, ìyàwó tó gbé ọmọ pọ̀n, gbogbo wọn nínú oòrùn. Rogelio wá, ó wọ kóòtù. Ó wo ìlà, ó wo àga oníke, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ẹni tó wà nítòsí lè gbọ́.

"Evaristo, o ò mà yí padà. Títí kan ìyàwó, ọ̀fẹ́ náà ni."

Evaristo tẹrí ba. Ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n Yadira ti dìde.

"Bọ̀dá mi, èmi ni," ó wí. Ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ le. "Èmi ni mo yan ibí. Èmi náà ni mo ní kó sọ pé ọjọ́ ìbí Màmá ni, mo sì jókòó, mo jẹ́ kẹ́ ẹ bú u. Kò ṣẹ̀ yín rí. Èmi ni."

Rogelio wo bàtà rẹ̀, ó wá ibì kan jókòó sí. Lórí pèpéle, adájọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, àwọn tọkọtaya sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Evaristo ò dìde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí súwẹ́tà nu ojú, ó tún nù ún.

"Yadira," ó wí, "ṣé bí ọ̀rọ̀ tí a fi gbogbo ọdún yìí dúró dè ṣe kúrú tó nìyẹn?"

Yadira di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n jọ jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kejì.