Ẹnìkejì Tó Jókòó Sílé

Eluned Pugh ń fọ ife tíì nígbà tí fóònù dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ife ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn ìyá ìjọ ló kó wọn wá fún àwọn tó ń wá bá wọn kẹ́dùn, ó sì yẹ kí wọ́n ti dá wọn padà. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀ ní itẹ́ òkú orí òkè Aberlwyd lọ́sẹ̀ náà ni. Eluned kò tíì sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn, ẹnu rẹ̀ ń dá àwọn èèyàn lóhùn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Idwal, ló gbé fóònù náà. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ tó ń sọ pé òun gbọ́, pé òun mọ̀, pé ṣùgbọ́n òun ti ṣèlérí fún ọkùnrin náà. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná wá, ó jókòó ti tábìlì nínú aṣọ dúdú rẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àpá iná wà lára ọwọ́ náà. Láti kékeré ni Idwal ti ń ṣiṣẹ́ nídìí iná ìléru ní ilé iṣẹ́ irin Aberlwyd, bí bàbá tirẹ̀ náà ti ṣe. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti fi í ṣe agbẹnusọ wọn. Ibẹ̀ ló gbà dé ìgbìmọ̀ ìlú, kó tó di pé wọ́n dìbò yàn án lọ sí Ilé Aṣòfin ní London. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ; lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, yóò padà. Ọjọ́ Ẹtì ni tàwọn ará ìlú. Yóò jókòó sí yàrá kékeré kan ní ilé ìkàwé, wọn á máa wọlé wá rojọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: òrùlé tó ń jò, owó ìfẹ̀yìntì tí kò dé, ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n. Eluned ló máa ń bu tíì fún wọn. Menna ìyá rẹ̀ a máa sọ pé òun fẹ́ ọkọ, ìlú ló ń bá òun lò ó.

Àbá òfin kan wà níwájú Ilé Aṣòfin lọ́sẹ̀ náà, èyí tí ìjọba yóò fi gba ilé iṣẹ́ irin náà kí wọ́n má baà tì í pa. Ẹgbẹ́ Idwal fẹ́ ẹ, ẹgbẹ́ kejì kò fẹ́ ẹ, iye àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àṣà kan sì wà láàárín àwọn aṣòfin tí kò sí nínú òfin kankan. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá dá ẹnì kan dúró sílé, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì yóò bá a jókòó sílé, òun náà kò ní dìbò, kí ìbànújẹ́ ẹnì kan má baà di èrè fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n fi ń so ó. Ẹnìkejì Idwal ni Ambrose Thirkell, àgbàlagbà olóko kan láti Norfolk, tí kì í fẹ́ ohunkóhun tí Idwal bá fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pè nígbà tó gbọ́ ikú Menna. Ó ní kí Idwal lọ sin ìyàwó rẹ̀, òun kò ní dìbò títí ọ̀sẹ̀ náà yóò fi parí, Idwal náà sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀.

"Ìbò kan ni ẹgbẹ́ wa ní ó kù kí òfin náà wọlé," ni Idwal wí. "Wọ́n ní kí n yọ́ wá, kí n má sọ fún Thirkell." Ó fọwọ́ kan àpá iná náà. "Kí ni ìyá rẹ ì bá sọ?"

Eluned mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ. Ṣùgbọ́n Lowri ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Lánàá ni Lowri bá a ní ibùdókọ̀ níṣojú àwọn ọmọ kíláàsì wọn. "Ọmọ aṣòfin, ẹ kú ọ̀fọ̀ o," ló wí. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ yẹn pa, gbogbo ilé tiwa náà ló máa ṣọ̀fọ̀. Bàbá mi ń bẹ níbẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ níbẹ̀. Bàbá tìẹ á wá jókòó sílé, á máa mu tíì." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè wo ilẹ̀.

"Ẹ lọ, Dádì," ni Eluned wí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó rọrùn láti sọ, nítorí kò sí ibi tó ń dun òun.

Idwal wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ó ní bí fóònù bá dún, kó má gbé e.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù dún. Ó dákẹ́, ó tún dún. Ilé náà ṣófo, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ jù. Eluned gbé e.

"Eluned ni? Thirkell ni, ọmọ mi. Má bínú, mò ń dà yín láàmú. Ṣé bàbá rẹ wà nílé?"

Ó ṣàlàyé pé ẹnì kan ní òun rí ẹni tó jọ Idwal ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin London, òun sì ti sọ fún onítọ̀hún pé kò lè jẹ́ òótọ́. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ lu aago tó ń pe àwọn aṣòfin wá dìbò, ibi tí òun ń gbé ní London kò ju òdìkejì afárá lọ. Òun lè fẹsẹ̀ rìn dé Ilé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ lọ. Òun kàn fẹ́ gbọ́ láti ẹnu Idwal ni.

"Ó wà lókè, sà," ni Eluned wí. "Ó ń sùn."

Baba náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ. "Ó ń sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dára. Má jí i."

Eluned padà lọ nu àwọn ife. Ó nu wọn gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbò kan ni ẹgbẹ́ Idwal fi borí. Lọ́jọ́ kejì, fèrè ilé iṣẹ́ irin dún títí, àwọn ọkùnrin sì gbé Idwal lé èjìká láti ibùdó ọkọ̀ wá sílé. Lowri dì mọ́ Eluned, ó ní òun ti mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ò ní já àwọn kulẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Àwọn oníwèé ìròyìn bi Thirkell léèrè, ó ní òun kò ní ohun tí òun fẹ́ sọ. Idwal sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àgbàlagbà náà yóò gbà pé ọ̀ràn ìlú ló dé. Eluned kò sọ fún un pé ó pè.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni nínú ẹgbẹ́ kejì tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ Idwal jókòó sílé mọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbọ́. Aṣòfin obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ Idwal, Marian Coxon, tó sùn nílé wọn lálẹ́ ìsìnkú, tó bá Eluned se oúnjẹ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ìbò mìíràn dé, ó wá ẹnìkejì, kò rí. Ọkọ̀ aláìsàn ló gbé e wá sí Ilé, wọ́n sì fi ibùsùn gbé e kọjá nínú òjò. Àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn: kúbùsù dé ọrùn rẹ̀, ó sì di ètè rẹ̀ pọ̀ gbọnin.

"Ìkà ni wọ́n o, ẹgbẹ́ kejì yẹn," ni Lowri wí nínú bọ́ọ̀sì.

Eluned ń wo àwòrán náà títí ọkọ̀ fi kọjá ibi tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹsẹ̀ tó ti kú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Bó ṣe délé ló pe Thirkell. "Eluned Pugh ni, sà. Bàbá mi ò sí lókè lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Eluned rò pé òun ṣì í gbọ́ ni.

"Èmi náà ti sin ìyàwó rí," ni baba náà wí. "Kò sẹ́ni tó ń sùn lọ́sẹ̀ yẹn."

Eluned bi í pé bó bá mọ̀, kí ló dé tí kò rékọjá afárá lọ dìbò. Ó gbọ́ tó ń wúkọ́.

"Ìlérí tí mo ṣe fún bàbá rẹ, tèmi ni. Bó bá yẹ tirẹ̀, ìyẹn ò ní kí n yẹ tèmi." Ó tún wúkọ́. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ò ń sùn?"

Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá, sà," ló wí. Ẹkún ìyá rẹ̀ wá bò ó níbẹ̀, ní ìdúró, pẹ̀lú fóònù létí. Baba arúgbó náà kò pa fóònù.

Eluned dúró de bàbá rẹ̀ títí di Ọjọ́bọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Idwal jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Kò bá a wí. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn," ló wí, "ìwọ kàn gbabẹ̀ kọjá ni." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú Ilé, ó jẹ́wọ́ pé òun yẹ àdéhùn, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Thirkell níṣojú gbogbo wọn. Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀. Inú bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìdìbò dé, ẹlòmíràn ni wọ́n fà kalẹ̀, ọkọ̀ ọjọ́ Ajé sì ń lọ láìsí Idwal nínú rẹ̀. Thirkell dárí jì í. Marian kò dárí jì í. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò tún ẹsẹ̀ bọ ilé wọn mọ́.

Wọn kò ti ilé iṣẹ́ irin náà pa. Bàbá Lowri ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Eluned kò lè kábàámọ̀ oúnjẹ tó wà lórí tábìlì wọn, kò sì lè fi yangàn. Nígbà tí òun náà di àgbà tó ní ọmọ, ohun tó máa ń sọ fún wọn kò pọ̀. Ó ní kí wọ́n má fi irọ́ wá ire, bó ti wù kí ire náà tóbi tó, nítorí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé kọjá nínú òjò. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sì yẹ àdéhùn fún wọn, kí wọ́n mú tiwọn ṣẹ.