Onírun, Bàbá Inú Ìkòkò

Ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kílódé nílé.

Ohunkóhun tó bá rí, á béèrè. Òjò rọ̀? "Kí ló dé?" Ológbò sáré kọjá? "Kí ló dé?"

Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń gẹ irun fún àwọn èèyàn. Àga kan wà níbẹ̀ tó ń yí po. Dígí ńlá kan wà lára ògiri.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí náà, àpótí gíláàsì kan wà. Omi kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi.

Bulu, bulu, bulu.

Inú omi yìí ni Onírun ń gbé.

Ẹja ni Onírun. Ìbátan àrọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò gùn ju ìka Bàbá lọ. Irun wà ní imú rẹ̀. Irun wà níwájú orí rẹ̀. Irun náà rí wúruwùru bí ẹ̀ka igi.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò gẹ irun tiẹ̀?" ni Kílódé béèrè.

"Kò tíì wá jókòó sórí àga," ni Bàbá dáhùn.

Ìyàwó Onírun náà wà níbẹ̀. Ojú tirẹ̀ dán bọ́rọ́. Torí náà, Dídán lorúkọ rẹ̀.

Lójoojúmọ́, Onírun á fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Á máa lá a. Lá, lá, lá. Bí Kílódé bá sì ju kùkúńbà sínú omi, fíà! Onírun ti débẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Kílódé ju kùkúńbà sínú omi. Dídán wá. Onírun kò wá.

Kílódé wo ẹ̀yìn òkúta inú omi. Kò sí níbẹ̀. Ó wo abẹ́ igi. Kò sí níbẹ̀. Ó wo inú ìkòkò amọ̀ kékeré tó dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi.

Ìrù kan ń mì nínú òkùnkùn. Fẹ̀, fẹ̀, fẹ̀.

"Onírun, kí ló dé? Jáde wá jẹun."

Onírun kò jáde.

Lọ́jọ́ kejì, kò jáde. Lọ́jọ́ kẹta, kò jáde.

Àyà Kílódé já. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ti ọwọ́ bọ omi. Ó na ìka sínú ìkòkò.

Gbì! Onírun fi imú ti ìka rẹ̀ jáde.

"Yéè! Bàbá! Onírun lé mi!"

Bàbá mú tọ́ọ̀ṣì wá. Ó tàn án sí ẹnu ìkòkò.

"Rọra wò ó," ni Bàbá wí.

Kílódé rọra wò ó. Lábẹ́ Onírun, nǹkan róbótó-róbótó so mọ́ra wọn bí èso àjàrà. Wọ́n pọ́n rúsúrúsú bí ọsàn.

"Ẹyin!" ni Kílódé wí.

"Ẹyin ni. Dídán ló yé wọn. Onírun ló ń tọ́jú wọn."

"Kí ló dé tí kò jáde wá jẹun?"

"Ẹyin yìí ń fẹ́ omi tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí Onírun bá jáde, ta ni yóò máa fi ìrù fẹ́ wọn?"

Kílódé ronú. "Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ bá jáde ni yóò tó jẹun?"

"Àfi ìgbà náà," ni Bàbá wí.

Kílódé la ẹnu sílẹ̀. Ẹja tí kò ju ìka lọ! Ó tún wò ó. Fẹ̀, fẹ̀, fẹ̀.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wá gẹ irun. Bọ̀dá Apínlẹ́tà ni Kílódé ń pè é.

Bọ̀dá Apínlẹ́tà jókòó sórí àga. Bàbá ta aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tan kílípà. Gìrìrì, gìrìrì, gìrìrì. Ó gẹ apá ọ̀tún. Ó fẹ́ bọ́ sí apá òsì.

Pàà! Iná lọ.

Kílípà dákẹ́. Fáànù dákẹ́. Ẹ̀rọ inú omi dákẹ́. Kò sí bulu, bulu, bulu mọ́.

Bọ̀dá Apínlẹ́tà wo dígí. "Ha! Orí mi ti dà bí oko tí wọ́n ro ìdajì!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Kílódé kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, atẹ́gùn ò wọnú omi mọ́. Àwọn ẹyin ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá. "Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, wọ́n lè kú."

"Kí la máa wá ṣe?"

Bàbá mú kọ́ọ̀bù kan. Ó bu omi nínú àpótí gíláàsì. Ó gbé kọ́ọ̀bù sókè, ó sì da omi náà padà. Ṣọ̀ọ̀!

"Bí omi bá ń já bọ́ báyìí," ni Bàbá wí, "á máa gbé atẹ́gùn wọlé."

"Ẹ fún mi! Ẹ fún mi!" Kílódé gun orí àga kan.

Bù ú. Gbé e. Dà á. Ṣọ̀ọ̀!

Bù ú. Gbé e. Dà á. Ṣọ̀ọ̀!

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Kílódé. Bàbá gbà á. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro Bàbá.

"Ó yá, ẹ gbé e wá," ni Bọ̀dá Apínlẹ́tà wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Bàbá wí. "Mo lè fi sísọ́ọ̀sì parí irun yín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Bọ̀dá Apínlẹ́tà mi orí rẹ̀ onírun ìdajì. "Orí tèmi lè dúró. Àwọn ẹyin ò lè dúró."

Bù ú. Gbé e. Dà á. Ṣọ̀ọ̀!

Àwọn tó ń kọjá lọ yọjú. Wọ́n rí ọkùnrin onírun ìdajì tó ń da omi. "Bọ̀dá, ṣé kò sí o?"

"Ọmọ ń bọ̀ lọ́nà!" ni Bọ̀dá Apínlẹ́tà dáhùn.

Oòrùn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Iná ò dé. Oòrùn kan ẹsẹ̀ àga. Iná ò dé. Oòrùn kan ògiri. Iná ò dé síbẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí," ni Kílódé wí. Omi fẹ́ yọ lójú rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìkòkò. Fẹ̀, fẹ̀, fẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò rẹ Onírun ni?"

"Ó rẹ̀ ẹ́. Ebi sì ń pa á. Ṣùgbọ́n wo ìrù rẹ̀."

Kílódé wo ìrù náà. Ó wò ó títí. Ìrù náà kò dúró.

Kílódé nu ojú rẹ̀. Ó mú kọ́ọ̀bù.

Bù ú. Gbé e. Dà á. Ṣọ̀ọ̀!

Bù ú. Gbé e. Dà…

Gìrìrì! Kílípà ń gbọ̀n lórí tábìlì. Fáànù ń yí. Bulu, bulu, bulu!

"Iná dé!" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò sókè. Kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ Kílódé. Omi ta sí gbogbo wọn lára.

Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò. "Ẹyin tó bá kú máa ń funfun," ló wí.

Kílódé wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Gbogbo wọn ṣì pọ́n rúsúrúsú. Kò sí èyí tó funfun. Bàbá wá parí irun Bọ̀dá Apínlẹ́tà.

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Apínlẹ́tà ń yọjú láràárọ̀. "Ṣé wọ́n ti dé?"

"Ó kù díẹ̀ o, Bọ̀dá!"

Nígbà tó yá, Kílódé rí i pé àwọn ẹyin ti ní ìrù! Ọmọ ẹja ni wọ́n, tí ikùn wọn ṣì rí róbótó. Oúnjẹ wọn wà nínú ikùn náà. Wọ́n kó ara wọn jọ sínú ìkòkò. Onírun ṣì dúró tì wọ́n.

Ikùn wọn ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan yọ imú jáde. Kò ju èékánná ọwọ́ Kílódé lọ. Ó lúwẹ̀ẹ́ tìẹ̀rẹ̀tìẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Pẹ́!

Èkejì jáde. Pẹ́! Ẹ̀kẹta jáde. Pẹ́! Pẹ́, pẹ́, pẹ́, pẹ́, pẹ́!

Kílódé gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ gíláàsì. Ẹnu kéékèèké kún iwájú rẹ̀.

Onírun ló jáde kẹ́yìn. Ó rọra ń bọ̀. Ó ti rù. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ó fi ẹnu lẹ̀ mọ́ òkúta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Kílódé kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí gíláàsì.

"Ẹ kú ewu ọmọ, sà," ló wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹja lò ń pè ní sà?"

"Bàbá ọlọ́mọ ni, Bàbá."

Bàbá wo Onírun. Ó wo gbogbo ọmọ tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Ó gbé kílípà sílẹ̀. Ó tẹrí ba.

"Òótọ́ ni," ni Bàbá wí. "Ẹ kú ewu ọmọ o."